Ère Ọkàn Kí Abẹ Tó Débẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Àwòṣe àti Iṣẹ́ Abẹ Ọkàn Ọmọdé

Ọmọ ni ayọ̀, ọmọ ni adé orí, ọmọ ni aṣọ tí à ń fi bora lálẹ́ ọjọ́ ogbó; ṣùgbọ́n nínú 1,000 ọmọ tí a bá bí láàyè, ì báà jẹ́ ní ààfin ọba, ì báà jẹ́ ní abà àgbẹ̀, nǹkan bí 8 tàbí 9 ni ó máa ń gbé àbùkù ọkàn wá láti inú ìyá rẹ̀. Òmíràn nínú àbùkù wọ̀nyí jẹ́ ihò kékeré tí yóò dí fúnra rẹ̀ kí ọmọ tó mọ ọ̀nà ilé-ìwé. Òmíràn sì jẹ́ ìdàrú gidi, tí iṣan tí ó yẹ kí ó ti apá òsì jáde yóò ti apá ọ̀tún jáde, tí ètè ọmọ yóò máa di aláwọ̀ aró nígbà tí ó bá ń sunkún, tí ọmú mímu pàápàá yóò di iṣẹ́ agbára fún un. Mo gbà pé lára àwọn ọmọ tí àwọn bàbá wa kà sí àbíkú, tí wọ́n sọ ní Málọmọ́ àti Dúrójayé, tí wọ́n bẹ̀, tí wọ́n gé, tí wọ́n sì sin síbẹ̀síbẹ̀ kí ọdún tó yí po, irú àwọn ọmọ báyìí kò ní ṣàì wà. Ọgbọ́n titun kan ti dé sí ọ̀rọ̀ wọn láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, òun náà ni pé kí abẹ tó kan àyà ọmọ, kí a ti mọ ère ọkàn ọmọ náà gan-an, pẹ̀lú gbogbo ihò àti kọ̀rọ̀ inú rẹ̀, kí oníṣẹ́ abẹ gbé e lówọ́, kí ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, kí ó sì ti pète ibi tí yóò gbà wọlé àti ibi tí yóò gbà jáde. Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni pé, ǹjẹ́ ère yìí ń tún ìtọ́jú ọmọ ṣe ní tòótọ́, àbí ohun àrímáleèlọ lásán ni? Ìdáhùn tèmi ni pé fún àwọn ọkàn kan, mi ò mọ ohun tí a lè fi rọ́pò rẹ̀, fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, kò pọn dandan, àti pé nínú mímọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì ni gbogbo ọgbọ́n náà wà.

Kí a tó lè díwọ̀n iyì ère, ó yẹ kí a mọ ohun tí ojú oníṣẹ́ abẹ ń rí. Ọkàn, alágbára inú àyà, aṣiṣẹ́-má-sùn, ọ̀gá tí ó jí ṣáájú ìyá tí ó sì ń dá nìkan ṣọ́ ilé lóru, kò ju ìkúùkù ọmọ lọ lára ọmọ tí ó ni ín. Kí a tó lè ṣí i, a ní láti dá a dúró: a ó darí ẹ̀jẹ̀ ọmọ sínú ẹ̀rọ tí ó ń ṣe iṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró, a ó fi irin há ẹnu àọ́tà, iṣan ńlá tí ó ń pín ẹ̀jẹ̀ ká gbogbo ara, a ó sì da oògùn tútù sí ọkàn kí ó lè sinmi. Láti ìṣẹ́jú náà lọ ni aago ti ń kà, nítorí ẹran ọkàn wà láìrí ẹ̀jẹ̀. Ọkàn tí ó ṣófo tún ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, kò sì ní ìrísí tí ó ní nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀. Ojú ihò kékeré kan ni oníṣẹ́ abẹ sì ń gbà wo inú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé níbẹ̀ ni ó ti ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ọ̀nà tí òun ti rò láti ilé kò ṣe é gbà, yóò di dandan kí ó ro òmíràn nígbà tí aago ń lọ. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń wá ohun gbogbo tí a lè mọ̀ nípa ọkàn kan kí a tó dá a dúró.

Wíwá yìí ti pẹ́. Ní ìlú Montreal, ní ilẹ̀ Kánádà, obìnrin dókítà kan, Maude Abbott, tí ó ń tọ́jú ilé àkójọ ohun ìṣègùn ní Yunifásítì McGill, fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ kó ọkàn àwọn òkú jọ, tí ó ń kọ ìtàn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sílẹ̀, títí ó fi gbé ìwé ńlá kan jáde ní 1936, tí ó gbé ka orí 1,000 ènìyàn tí ọkàn wọn ní àbùkù. Ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins, ní ìlú Baltimore, ni Helen Taussig, dókítà ọkàn ọmọdé, àti Alfred Blalock, oníṣẹ́ abẹ, ti gbé ọ̀rọ̀ náà dé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ; ṣùgbọ́n ẹni tí èmi kì í gbàgbé nínú ìtàn náà ni Vivien Thomas, ènìyàn dúdú bí tiwa, ọmọ káfíńtà, tí kò rí owó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ náà lára ajá, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lọ́pọ̀ ìgbà, títí ó fi mọ̀ ọ́n dunjú, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá, 1944, nígbà tí Blalock ń ran iṣan ọmọ ọwọ́ kan tí ara rẹ̀ ti di aláwọ̀ aró, orí àpótí ni Thomas dúró sí lẹ́yìn èjìká rẹ̀, tí ó ń tọ́ ọ sọ́nà. Lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún, 1953, oníṣẹ́ abẹ John Gibbon fi ẹ̀rọ tí ó ń ṣe iṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró gbé ọ̀dọ́mọbìnrin kan ró fún ìṣẹ́jú 26 ní Philadelphia, ó sì dí ihò ọkàn rẹ̀. Àwọn ọkàn tí Abbott kó jọ, ọkàn òkú ẹlòmíràn ni. Ajá tí Thomas fi kọ́ṣẹ́, ajá náà ni. Ohun tí ayé kò ní rí títí di ìgbà tiwa ni ọkàn ọmọ tí ó ṣì wà láàyè, tí ó ń sùn lọ́wọ́ nínú yàrá kejì, kí a gbé ẹ̀dà rẹ̀ sọ́wọ́ ní àárọ̀ kí a tó gbé òun fúnra rẹ̀ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ẹ̀rọ CT tàbí ti MRI yóò kọ́kọ́ ya inú àyà ọmọ ní àwòrán pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn, ọ̀kan lé orí èkejì. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tí ó le jù lọ wá dé, iṣẹ́ tí àwọn tí ń yin ère kì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ: ẹnì kan tí ó mọ ọkàn gbọ́dọ̀ jókòó ti kọ̀ǹpútà, kí ó máa fa ààlà sáàárín ohun tí ó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ àti ohun tí ó jẹ́ ẹran, láti àwòrán dé àwòrán. Bí ààlà bá yẹ̀ díẹ̀, ihò tí kò sí lára ọmọ lè hù lára ère, ògiri tín-ín-rín tí ó wà lára ọmọ sì lè pòórá. Ère kò lè mọ̀ ju ẹni tí ó fa ààlà lọ. Ẹni tí ó bá sì rò pé nítorí ère ṣe é dì mú ni ó fi jẹ́ òtítọ́, onítọ̀hún ti ṣìnà kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ní 2015, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní MIT, pẹ̀lú àwọn dókítà ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Boston, fi ọ̀nà kan hàn tí amọ̀ṣẹ́ yóò fi fa ààlà sí ìwọ̀nba àwòrán díẹ̀, tí kọ̀ǹpútà yóò sì fi ìyẹn kọ́gbọ́n láti parí èyí tí ó kù. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n ojú dókítà ṣì ní láti tún gbogbo rẹ̀ wò.

Nígbà tí ààlà bá ti pé ni ó tó kan ẹ̀rọ 3D, irú èyí tí Charles Hull, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lórí ti àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1986. Bí ọ̀mọ̀lé ayé àtijọ́ ti ń mọ ògiri amọ̀, tí yóò mọ ìpele kan yí ilé ká, tí yóò jẹ́ kí ó gbẹ kí ó tó gbé èkejì lé e, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀rọ yìí ń mọ ọkàn, ìpele lórí ìpele, tí ìpele kan lè má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà lọ, ì báà jẹ́ pẹ̀lú ike tí ó yọ́, ì báà jẹ́ pẹ̀lú omi rọ́bà tí ìmọ́lẹ̀ ń mú dì. Oníṣẹ́ abẹ a máa fẹ́ èyí tí inú rẹ̀ ṣófo, tí ògiri rẹ̀ pé, tí a sì gé ojú fèrèsé sí lára ní ibi tí òun náà yóò ti ṣí ọkàn ọmọ, kí ohun tí ó rí lórí tábìlì rẹ̀ lè bá ohun tí yóò rí lọ́la mu.

Àbùkù kan wà tí ó fi iyì ère hàn ju àwọn yòókù lọ, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní double outlet right ventricle. Ní ara ẹni tí ara rẹ̀ pé, iyàrá ìsàlẹ̀ apá òsì ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ sínú àọ́tà lọ sí gbogbo ara, ti apá ọ̀tún sì ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Nínú àbùkù yìí, iṣan ńlá méjèèjì ti apá ọ̀tún jáde. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí iyàrá òsì ní láti tú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ni ihò kan tí ó wà lára ògiri àárín. Ibi tí ihò yìí wà ni ọ̀ràn gbogbo so mọ́. Bí ó bá súnmọ́ àọ́tà, oníṣẹ́ abẹ lè fi awẹ́ aṣọ ìtọ́jú ṣe ihò abẹ́lẹ̀ kan láti iyàrá òsì, la inú ihò náà kọjá, dé ẹnu àọ́tà, ọkàn yóò sì di oníyàrá méjì tí ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá wà lábẹ́ iṣan ẹ̀dọ̀fóró, gẹ́gẹ́ bí Taussig àti Bing ti ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1949, a lè ní láti pààrọ̀ ipò iṣan ńlá méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí ihò náà bá jìnnà sí méjèèjì, ibẹ̀ ni wàhálà wà: ọ̀nà abẹ́lẹ̀ náà yóò gùn, okùn tín-ín-rín tí ó di fáàfù mú lè dábùú rẹ̀, ẹnu ihò fúnra rẹ̀ lè má gba iye ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó gbà. Bí kò bá ṣe é ṣe rárá, ọ̀nà tí ó kù ni èyí tí Francis Fontan ti ìlú Bordeaux là ní 1968, níbi tí a ó ti jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tí ó ń bọ̀ láti ara ṣàn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró láìsí iyàrá tí ń tì í, tí iyàrá kan ṣoṣo yóò sì máa sin gbogbo ara. Ọ̀nà Fontan gba ẹ̀mí là, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba ọ̀nà náà yóò ru ẹrù rẹ̀ títí ayé, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ pàápàá a sì máa jìyà bí ọdún ti ń gorí ọdún. Nítorí náà, láti mọ̀ bóyá ọmọ kan lè ní ọkàn oníyàrá méjì tàbí kò lè ní in, ìpinnu lórí gbogbo ọjọ́ ayé ọmọ náà ni.

Ẹ jẹ́ kí a ro ó. Àwòrán pẹlẹbẹ kì í fi irú ìbátan báyìí láàárín ihò àti iṣan ńlá hàn ní tààrà. Dókítà tí ó ń wò ó ní láti fi ọkàn ara rẹ̀ to àwòrán jọ di odidi, kí ó sì fi ẹnu ṣàlàyé odidi náà fún oníṣẹ́ abẹ, ojú olójú kò sì lè jọ ojú ẹni. Bí ère bá wà, àwọn méjèèjì yóò dúró tì í, wọn yóò fi ìka tọ ipa ọ̀nà abẹ́lẹ̀ náà, wọn yóò wọn ẹnu ihò, wọn yóò rí okùn fáàfù tí ó lè dábùú rẹ̀ bí àwòrán bá ti gbé e jáde. Ní oṣù Kejì 2014, ní ìlú Louisville, ní ìpínlẹ̀ Kentucky, oníṣẹ́ abẹ Erle Austin ní ọmọ oṣù 14 kan láti tọ́jú, tí àbùkù ọkàn rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì ìlú náà bá a mọ ọkàn ọmọ náà ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀, ní abala mẹ́ta, pẹ̀lú rọ́bà tí ó ń tẹ̀, fún wákàtí bí 20 àti owó bí dọ́là 600. Iṣẹ́ abẹ kan ṣoṣo ni ó tó fún ọmọ náà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ìgbà tí onímọ̀ ẹ̀rọ àti oníṣẹ́ abẹ bá jókòó pọ̀ ni irú èyí ń ṣeé ṣe.

Ṣùgbọ́n ìtàn ọmọ kan kì í ṣe ẹ̀rí fún gbogbo ọmọ. Ẹ̀rí tí mo rí pé ó wúwo jù ni ìwádìí tí Israel Valverde ti ìlú Seville, ní ilẹ̀ Sípéènì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2017, láti ilé ìwòsàn 10 ní orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lórí aláìsàn 40 tí ọkàn wọn díjú. Àwọn dókítà kọ́kọ́ pinnu ohun tí wọn yóò ṣe láìsí ère, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ère sí iwájú wọn. Nínú 21, ìpinnu kò yí padà. Nínú 19, ó yí padà. Àwọn kan yóò wo 21 yìí, wọn yóò ní ère kò wúlò fún ju ìdajì lọ. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí ó ń lọ ṣí àyà ọmọ tí ó sì mọ̀ dájú pé ọ̀nà òun tọ́, ó ti jèrè nǹkan. Síbẹ̀, a gbọ́dọ̀ rántí pé àwọn ọkàn tí ó díjú jù lọ ni wọ́n ṣà síbẹ̀. Ihò lásán lára ògiri àárín, tí ó jẹ́ àbùkù tí ó wọ́pọ̀ jù lọ, ẹ̀rọ echo tí ń fi ìró wo ọkàn ti tó láti fi ṣètò iṣẹ́ abẹ rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ère fún irú rẹ̀ ń fi owó àti àkókò ṣòfò. Yíyí ìpinnu padà kò sì tíì jẹ́ ohun kan náà pẹ̀lú dídá ẹ̀mí sí. Àwọn ìwádìí tí a ní kéré, wọ́n sì fọ́n káàkiri. Èyí tí yóò fi àwọn ọmọ tí a mọ ère fún wé àwọn tí a kò mọ ọ́n fún, láti sọ bí wọ́n ti yè sí àti bí wọ́n ti dàgbà sí, ni àwọn tí ó nífẹ̀ẹ́ sí iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ máa béèrè fún láìsinmi.

Ìhà kan wà tí ère kò lè dé. Ère kì í lù. Ìrísí ọkàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni ó gbé. Ewé fáàfù tín-ín-rín ju ohun tí CT ń rí dáadáa lọ, nítorí náà ère fáàfù kì í ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé bí ère ògiri. Ọ̀nà tí iná ọkàn ń gbà, tí abẹ́rẹ́ bá ṣèèṣì gún tí ìlù ọkàn yóò dàrú, kò hàn lára ère kankan. Ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé Great Ormond Street, oníṣẹ́ abẹ Marc de Leval àti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ láti Milan ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí ẹ̀jẹ̀ yóò ti ṣàn nínú iṣẹ́ abẹ irú ti Fontan kí 3D tó di ohun tí gbogbo ayé ń sọ, èyí sì jẹ́ ohun tí ère tí kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni láé. Lónìí, dókítà tún lè fi awò kọ̀ǹpútà bo ojú, kí ó wọ inú ọkàn ọmọ lọ bí ẹni pé ó dúró nínú rẹ̀, láìná owó rọ́bà rárá. Mo rò pé awò yìí yóò gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ ìpète lọ́wọ́ ère. Ohun tí kò lè gbà ni èyí tí ọwọ́ ń fẹ́.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi jù. Ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé tí ó wà ní Toronto, Shi-Joon Yoo àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ọkàn alábùkù pẹ̀lú ohun tí ó rọ̀ bí rọ́bà, tí wọ́n sì ń pe àwọn oníṣẹ́ abẹ jọ láti wá fi abẹ gé e, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti òwú gidi rán an. Wọ́n tẹ ìròyìn ẹ̀kọ́ náà jáde ní 2017. Lóòótọ́, ohun tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ kì í jọ ẹran ọkàn tán: a máa ya níbi tí ẹran kì yóò ti ya, a sì máa le níbi tí ẹran ti rọ̀, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń da sílíkónì sínú ohun tí ẹ̀rọ tẹ̀ kí ó lè súnmọ́ ti ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó rọ́pò. Ṣáájú àkókò yìí, ara ọmọ ènìyàn ni oníṣẹ́ abẹ tí ń kọ́ṣẹ́ ti kọ́kọ́ ń rí àbùkù tí kì í wọ́pọ̀. Bí ó bá ṣe àṣìṣe, ọmọ ọlọ́mọ ni ó ń sanwó rẹ̀. Nísinsìnyí, ó lè ṣe é, kí ó bà á jẹ́, kí a tẹ òmíràn fún un, kí ó tún un ṣe, kí ọ̀gá rẹ̀ sì dúró tì í láìsí aago tí ń kà. Ohun tí Vivien Thomas fi ajá ṣe ni èyí, láìsí ajá.

Ní ti àwọn òbí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbàgbọ́ pé bí a bá gbé ère ọkàn ọmọ lé ìyá lọ́wọ́, ohun gbogbo yóò yé e. Giovanni Biglino àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí èyí lọ́dọ̀ òbí 97, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2015. Inú àwọn òbí àti dókítà dùn sí ère náà, ìjókòó wọn sì gùn sí i ní nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bi àwọn òbí léèrè, ìmọ̀ wọn nípa àìsàn ọmọ kò ju ti àwọn tí kò rí ère lọ. Mo fẹ́ràn ìwádìí náà nítorí pé kò fi ohun tí ó bá pàdé pamọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí dókítà fi kún àkókò rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá tí àyà rẹ̀ ń já, kò ṣe é fi ojú kéré wò.

Ilé wá ńkọ́? Ní 1967, Gupta àti Antia tẹ ìwádìí jáde láti Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé, pé 3.5 nínú 1,000 ọmọ tí a bí ni àbùkù ọkàn wà lára rẹ̀. Iye náà kéré sí ti ìta, ṣùgbọ́n wọn kò tíì máa fi echo wá àbùkù ọkàn ọmọ nígbà náà, ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò sì ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń kà wọ́n. Nígbà tí Jaiyesimi àti Antia sì ṣe àkójọ iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn kan náà, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1981, ihò ògiri àárín ni ó ṣáájú gbogbo àbùkù. Ní 1974 ni oníṣẹ́ abẹ Fabian Udekwu àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú Magdi Yacoub tí ó wá láti ìlú Òyìnbó, ṣí ọkàn ní Enugu fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa. Síbẹ̀, ní 2000, nígbà tí Nwankwo Kanu, agbábọ́ọ̀lù wa tí wọ́n ti tún fáàfù ọkàn tirẹ̀ ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1996, dá ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, òkè òkun ni wọ́n ní láti máa kó àwọn ọmọ lọ. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ilé ìwòsàn kan ní ilẹ̀ Yorùbá ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn, àwọn tí ó ń rí i gbà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí ó nílò rẹ̀. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: ère kò lè dá ọmọ sí níbi tí kò ti sí nọ́ọ̀sì tí ó mọ ìtọ́jú ọmọ lẹ́yìn abẹ, tí kò sí ẹni tí ó mọ ẹ̀rọ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró lò, tí iná ń ṣẹ́jú, tí owó CT sì ju owó oṣù bàbá lọ. Ní Amẹ́ríkà tí ó lówó pàápàá, oṣù Keje 2019 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ère wọ̀nyí ní àmì tí a fi ń kọ wọ́n sínú ìwé owó, àmì fún ìgbà díẹ̀ sì ni, tí kò fi dandan lé e pé kí ẹnikẹ́ni san.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá bi mí léèrè ibi tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀, n kò ní sọ pé kí a máa mọ ère fún gbogbo ọmọ tí ó bá wọlé. Láti 2014 ni ilé-iṣẹ́ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, NIH, ti ṣí ibì kan sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni ti lè gba àwòrán ère ọ̀fẹ́, àkójọ ọkàn alábùkù tí dókítà Matthew Bramlet ti ìlú Peoria ṣe agbátẹrù rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ 3D kékeré kan kò wọ́n tó ibùsùn ilé ìwòsàn mélòó kan. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan, pẹ̀lú ẹ̀ka àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì tí ó súnmọ́ ọn, lè tẹ àwọn ọkàn náà, kí ó da sílíkónì sí wọn, kí ó sì gbé wọn fún àwọn dókítà wa tí wọ́n ṣì ń kọ́ṣẹ́, kí wọ́n máa rán wọn lálẹ́. Bí àṣẹ bá wà lọ́wọ́ mi, àbùkù tí ń jẹ́ tetralogy of Fallot ni èmi yóò kọ́kọ́ tẹ̀, nítorí pé ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ tí ara wọn ń di aláwọ̀ aró, nítorí pé ihò dídí àti ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró fífẹ̀ wà nínú iṣẹ́ abẹ rẹ̀ pọ̀, àti nítorí pé dókítà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mọ iṣẹ́ méjèèjì yìí lórí sílíkónì kò ní jẹ́ àlejò mọ́ ní ọjọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ bá gbé abẹ́rẹ́ lé e lọ́wọ́.